Nígbà tí iná bá jó ọmọdé lọ́wọ́: ìbéèrè àwọn òbí àti ìdáhùn

Nọ́ọ̀sì ni mí. Yàrá tí a ti ń wẹ egbò iná fún àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun kan ló máa ń dùn mí jù níbẹ̀: lọ́jọ́ tí iná jó ọmọ, gbogbo ilé á sáré, ṣùgbọ́n bí egbò bá ti padé báyìí, wọ́n á gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Egbò lè jinná kí ìka má sì nà mọ́. Àwọn ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi mí lójoojúmọ́ ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lójúkojú.

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ọmọ mi lọ́wọ́ báyìí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Omi. Ẹ gbé e kúrò nídìí ohun tó jó o, kí ẹ na ọwọ́ náà sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, tó tutù níwọ̀nba, fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ wo aago. Nígbà tí ọmọ bá ń ké, ìṣẹ́jú mẹ́ta lásán máa ń dà bíi wákàtí kan lójú òbí, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbé ọmọ kúrò nínú omi kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ fi ife máa bu omi dà á lọ́wọ́, tàbí kí ẹ ki ọwọ́ náà bọ inú abọ́ omi, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ooru tó ti wọ awọ ara kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì ń jó wọnú lọ lẹ́yìn tí ẹ ti gbé ọmọ kúrò nídìí iná. Omi yẹn ló ń pa á.

Bí ẹ ṣe ń da omi, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, òrùka àti aṣọ tó gùn dé ọrùn ọwọ́, torí ọwọ́ náà máa wú láìpẹ́, ohun tó rọrùn láti bọ́ nísinsìnyí lè di ohun tí wọ́n máa fi irin gé. Bí aṣọ bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Ẹ gé yí i ká, kí ẹ fi èyí tó lẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà.

Ẹ má sì gbàgbé ara yòókù. Ọmọ kékeré tètè máa ń gba òtútù, nítorí náà ọwọ́ nìkan ni kó wà nínú omi. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ gbé e mọ́ra.

Ó ti lé ní wákàtí méjì kí n tó délé. Ṣé omi ṣì wúlò?

Ó wúlò. Títí di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí iná jó o, omi ìṣẹ́jú 20 yẹn ṣì lè dín bí egbò náà ṣe máa jinlẹ̀ tó kù.

Yìnyín ńkọ́? Ọṣẹ ìfọyín, òróró, ẹyin, iyọ̀?

Rárá o. Yìnyín máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú awọ tó ti fara pa tẹ́lẹ̀, ó sì lè mú kí egbò jinlẹ̀ sí i. Òróró àti ìpara ọlọ́ràá máa ń sé ooru mọ́nú. Ẹyin tútù ń gbé kòkòrò wọ egbò. Iyọ̀ kàn ń dá ọmọ lóró ni. Èyí tó ń ni èmi lára jù ni ọṣẹ ìfọyín, torí ó máa ń gbẹ mọ́ egbò, a ó sì ní láti fọ̀ ọ́ kúrò kí dókítà tó lè rí awọ tó wà nísàlẹ̀. Ọmọ á wá jẹ ìrora ẹ̀ẹ̀kejì. Mi ò bínú sí àwọn tó fi í sí i, wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn ni. Ṣùgbọ́n mo bẹ yín, omi nìkan.

Kí ni ká fi bò ó títí a ó fi dé ọsibítù?

Ọ̀rá tó mọ́ ló dára jù fún ọwọ́. Ẹ ki ọwọ́ ọmọ bọ inú ọ̀rá tuntun, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ ní ìrọ̀rùn lọ́rùn ọwọ́, kó má fún un. Kì í lẹ̀ mọ́ egbò, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i (afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó ń mú un ta ọmọ), dókítà á sì lè rí ọwọ́ náà láì tú ohunkóhun. Ẹ má lo òwú, torí fọ́nrán rẹ̀ máa ń há sínú egbò. Kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà ọmọ lọ bí ẹ ṣe ń lọ, kó má baà wú jù.

Ṣé dandan ni ká lọ sí ọsibítù? Ibi tó jó kò tóbi.

Bó bá jẹ́ ọwọ́, àti pé ọmọ kékeré ni, ẹ lọ. Ìdí tí mo fi le koko mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni pé egbò tí kò ní já mọ́ nǹkan kan lórí itan lè ba iṣẹ́ ìka jẹ́ títí ayé. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ pẹ̀lú ìka rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú 100 gbogbo ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú ìwọ̀nba yẹn ni gbogbo ohun tó máa fi dì, tó máa fi kọ, tó máa fi jẹun wà. Pupa tó mọ níwọ̀n bí orí ìka, tí kò léròrò, tí ọmọ sì ti gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ lè tọ́jú ìyẹn nílé.

Àwọn wọ̀nyí kò gba ìdúró rárá: bí awọ náà bá funfun, tàbí ó dúdú bí èédú, tàbí ó le bí awọ bàtà, bí ó bá yí ìka tàbí ọrùn ọwọ́ po bí òrùka, bí orí ìka bá tutù tàbí tó yí àwọ̀ padà, bí ó bá jẹ́ iná mànàmáná tàbí kẹ́míkà. Ti iná mànàmáná, ẹ kọ́kọ́ pa iná kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ. Ojú ibi tó ti wọlé lè kéré bí orí abẹ́rẹ́, kó sì ti ba ẹran inú jẹ́, ó sì lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ti kẹ́míkà, irú bí àwọn èyí tí wọ́n fi ń la ojú páìpù, ẹ bọ́ aṣọ tó kàn, kí ẹ da omi púpọ̀ sí i ju ìṣẹ́jú 20 lọ dáadáa, kí ẹ sì mú ìgò náà dání lọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ bi wọ́n léèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Bí ọmọ kò bá tíì gbà á pé, wọ́n á fún un.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bó ṣe jinlẹ̀ tó?

Èyí tó wà lókè awọ nìkan máa ń pupa, ó máa ń ta, kì í léròrò, ó sì máa ń lọ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó wọnú díẹ̀ máa ń léròrò; bí ìléròrò náà bá bó, abẹ́ rẹ̀ á rí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, á máa ṣomi, á sì máa dun ọmọ gan-an. Ìyẹn sábà máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí ìtọ́jú bá dára. Èyí tó tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ máa ń rí ràkọ̀ràkọ̀, pupa àti funfun á dàpọ̀, ó sì lè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kó tó jinná. Irú rẹ̀ ló máa ń fi àpá sílẹ̀. Èyí tó ti jó awọ tán pátápátá kì í dunni níbi tó jó gan-an, torí iṣan tó ń gbé ìrora ti jóná pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ọmọ tí iná jó dáadáa wá dákẹ́, tí kò sì bìkítà bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kì í ṣe ìròyìn ayọ̀.

Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, pupa yẹn kì í hàn gbangba. Ẹ gbé ọwọ́ kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi wé e: èwo ló gbóná jù, èwo ló wú, èwo ló ń dán? Kí ó sì yé yín pé egbò iná máa ń yí padà láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ohun tí dókítà sọ lọ́jọ́ kìíní lè yàtọ̀ sí ti ọjọ́ kẹta, kì í sì í ṣe pé ó ṣàṣìṣe. Ìdí tí wọ́n fi ní kí ẹ padà wá nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn fi máa ń gbá iná mú?

Nítorí pé ọwọ́ ló fi ń mọ ayé. Bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ohun tó bá kọ́kọ́ rí ló máa dì mú, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn ààrò tàbí ojú áyọ́ọ̀nù. Àgbàlagbà á fa ọwọ́ yọ kí ó tó mọ̀ pé òun fà á. Ọmọ ọdún kan kì í tètè fà á yọ bẹ́ẹ̀, ìgbà mìíràn á tilẹ̀ di ohun náà mú ṣinṣin, á máa ké. Awọ ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ, ooru tí kò ní ju pé kó ta àgbà díẹ̀ lè wọ inú awọ tirẹ̀ jìnnà.

Ìléròrò ti yọ. Ṣé kí n bẹ́ ẹ?

Ẹ má bẹ́ ẹ nílé. Èyí tó kéré, aṣọ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi di egbò náà ni. Èyí tó tóbi, tó fẹjú, tàbí tó wà lórí oríkèé tí kò jẹ́ kí ìka ká, nọ́ọ̀sì á tú u pẹ̀lú ohun èlò tó mọ́. Bó bá bẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ bò ó.

Oògùn ìrora wo ni mo lè fún un?

Paracetamol, kí ẹ fi ìwọ̀n ara ọmọ ṣírò rẹ̀. Miligíráàmù 15 fún kílò kan ni a sábà ń lò, kí ó tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó tún fún un, kí ó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ọmọ tó wọn kílò 10 á gba miligíráàmù 150 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka ara ìgò dáadáa, torí bí oògùn ṣe le tó nínú ṣíbí kan yàtọ̀ láti ìgò kan sí òmíràn. Ọmọ tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ lè lo ibuprofen bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin.

Ẹ fún un ní oògùn ní bí ìdajì wákàtí tàbí wákàtí kan kí ẹ tó lọ wẹ egbò. Ọmọ tí ẹ̀rù wíwẹ egbò bá ti wọ̀ lára láti ọjọ́ kìíní á máa bá wa jà títí dé ìparí, bẹ́ẹ̀ a lè dènà rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi di ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Ṣé kò rọrùn kí ẹ di gbogbo rẹ̀ pọ̀?

Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ìka méjì tí awọ wọn bó, tí ẹ bá dì wọ́n pọ̀, lè jinná mọ́ra wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi aṣọ tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò sáàárín ìka kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí egbò bá wà ní àtẹ́lẹwọ́, a máa ń di ọwọ́ náà ní títẹ́, ká sì na ìka sílẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìn ọwọ́, ọ̀nà mìíràn la ń gbà gbé ìka náà. Bí báńdéèjì bá bọ́ nílé, ẹ má kàn wé e padà bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ gbé e wá.

Ọmọ náà á gbìyànjú láti fi eyín tú u. Ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ tí ẹ bá fi wọ̀ ọ́ lórí báńdéèjì, tí ẹ fà dé ìgbọ̀nwọ́, máa ń bá wa ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa.

Ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ kẹta, ṣùgbọ́n egbò náà mọ́. Ṣé kí n dúró wò ó?

Ẹ má dúró. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ èyí, torí ó ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn oníṣègùn mìíràn náà kì í tètè ronú kàn án. Kòkòrò kan wà tó máa ń gbé lára awọ wa, tó lè tu májèlé sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré láti ojú egbò iná, kódà bí egbò náà kò ju owó ẹyọ kan lọ, tó sì mọ́ lójú. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin ló sì ń bá jà jù.

Ohun tí ẹ ó rí nìyí: ara á gbóná dé 39°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan á sú sí i lára, ọmọ á máa bì tàbí kó máa yàgbẹ́ gbuuru, kò ní fẹ́ jẹun, á rọ jọwọrọ bí aṣọ tútù. Kì í ṣe dandan kí gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ gbé e lọ ní wàrà-ǹ-ṣe-ṣà, kí ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín jẹ́ "iná jó o lọ́jọ́ báyìí." Bí ẹ kò bá sọ ọ́, wọ́n lè rò pé inú rírun lásán ni. Wákàtí díẹ̀ ló máa ń wà láàárín ọmọ tó kàn rẹ̀ àti ọmọ tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, egbò tó bá kẹ̀ á máa rùn, á máa ṣọyún, wíwú rẹ̀ á máa tàn lọ sókè apá, ìrora tó ti ń lọ sílẹ̀ á tún padà.

Wọ́n ní wọ́n lè mú awọ láti ibòmíràn wá lẹ̀ ẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ ti burú tó bẹ́ẹ̀ ni?

Kì í ṣe gbogbo egbò ló ń gbà á. Awọ àtẹ́lẹwọ́ nípọn, ó sì lágbára láti tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí náà àwọn oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó pinnu. Ẹ̀yìn ọwọ́ fẹ́lẹ́, wọn kì í fẹ́ dúró pẹ́ jù fún un. Bó bá di dandan, ẹ gbà. Egbò tó fi oṣù kan là sílẹ̀ máa ń fa ìka ká ju èyí tí wọ́n tètè bò lọ.

Egbò ti jinná pátá, àmọ́ ó dà bíi pé ìka rẹ̀ ń ká wọnú. Ṣé ó máa nà fúnra rẹ̀ bó bá ń dàgbà?

Kò ní nà fúnra rẹ̀. Ìdàgbà gan-an ló ń fa wàhálà náà. Egungun ọmọ ń gùn, awọ tó ṣe dáadáa ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àpá kì í fà bíi ti awọ. Fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí egbò bá padé, àpá náà ṣì ń sún kì bí okùn tí wọ́n rẹ sómi. Òru ló ń ṣiṣẹ́ yìí jù, nígbà tí ọmọ bá sùn tó sì di ẹ̀ṣẹ́.

Ohun mẹ́ta la ń fi bá a jà. Èkíní ni sípílíǹtì, ohun pẹlẹbẹ líle tí oníṣẹ́ fisiọtẹ́rápì máa gé sí ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀, tó máa na àtẹ́lẹwọ́ àti ìka sílẹ̀. Bó bá ń sùn ló máa wọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá ń dàgbà á kéré sí i, ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì ni fífi ìpara tí kò lóòórùn ra àpá náà lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́, nígbà tí awọ bá ti padé tó sì gbẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí àpá náà á fi ṣì díẹ̀, kí ẹ máa yí i roboto, kì í ṣe kí ẹ kàn pa ìpara sí i lórí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ na ìka kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn jẹ́jẹ́, kí ẹ dì í mú, kí ẹ ka mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹta ni eré, òun ni mo sì gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ọmọ ọdún méjì kò ní na ọwọ́ torí pé nọ́ọ̀sì ní kó nà á. Ìyá kan wá bá mi tó ń sunkún, ó ní, "Ẹ gbà mí, nọ́ọ̀sì, bí mo bá ti fọwọ́ kan ìka rẹ̀ báyìí, ńṣe ló ń fi ọwọ́ náà pa mọ́ abíyá." Mo ní, "Ìyá, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ lọ pò ọṣẹ." Mo fẹ́ èéfóòfó ọṣẹ sókè níwájú ọmọ náà. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Nígbà tí ọ̀kan balẹ̀ sórí tábìlì, ó yọ ọwọ́ kúrò ní abíyá, ó sì gbá a pẹrẹsẹ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ títẹ́, ìka márààrún nínà. Ìyá náà kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn eré mìíràn tó dára ni kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìyẹ̀fun pípò, kí ó máa lu odi nínú omi ìwẹ̀, kí ó máa rá kòrò, kí ẹ jọ máa pàtẹ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kó fi ọwọ́ kejì ṣe gbogbo nǹkan.

Àpá náà ń yún un, ó ga, àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀.

Yíyún máa ń wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìpara, aṣọ tútù, èékánná tí ẹ gé kúrú, bó bá sì ń dí i lọ́wọ́ oorun, dókítà á kọ oògùn fún un. Àpá tó ga, tó le, máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Ìbọ̀wọ́ tó fún mọ́ra àti sílíkónì (ohun rírọ̀ bíi rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpá) máa ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ náà ní láti wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi wákàtí 23 lójúmọ́ kó tó ṣe nǹkan. Bí àpá bá ń gbòòrò kọjá ibi tí iná jó, irú mìíràn nìyẹn, ẹ fi hàn dókítà. Àwọ̀ sábà máa ń padà, ó kàn máa ń pẹ́ ni, ibi tó jó jìnnà sì lè má padà tán. Ẹ fi aṣọ tàbí ìpara ìdáàbòbò pa á mọ́ fún oòrùn fún ọdún kan ó kéré tán.

Èmi ni mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mi ò lè dárí ji ara mi.

Ẹ̀yin nìkan kọ́. Òbí tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ lójú méjèèjì ni mò ń rí lójoojúmọ́ níbẹ̀. Ohun tí ọmọ yín nílò nísinsìnyí ni ọwọ́ yín lórí àpá rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá ń ta jí lóru, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, ẹ má nà án, ẹ sọ fún wa. Bó bá bi yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ òtítọ́ fún un ní kúkúrú: "Ó gbóná, ó jó ẹ, mo gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ti ń sàn."

Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù pẹ̀lú wáyà rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ò lè tó títí tó máa fi tutù. Ohun mímu tí ẹ pò ní ìṣẹ́jú 15 sẹ́yìn ṣì lè bó ọmọ lára. Bí ẹ bá ń pò omi ìwẹ̀, kí omi tútù kọ́kọ́ wọlé.

Ìgbà wo la lè dẹ́kun wíwá sí ọsibítù?

Bí egbò náà kò bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó jinná, tí ìka sì ń ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kì í pẹ́ tí a fi ń dágbére. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tàbí wọ́n lẹ awọ sí i, a fẹ́ máa rí ọmọ náà títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dàgbà tán, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Nílé, ẹ ní kó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí ìwé, kí ẹ fi pẹ́ńsù ya ìlà yí wọn ká, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún un yà. Bí ọwọ́ kan bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí abẹ́ ìka èkejì sì ga kúrò lórí ìwé débi pé pẹ́ńsù lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ mú ìwé náà dání wá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.